Ta Ló Kọ Orin Inú Fíìmù Yẹn?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló mọ orin tí àwọn ènìyàn ń pè ní "Onyeoma". Wọ́n ti fi jó níbi ìgbéyàwó, wọ́n ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí TikTok, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp títí ó fi sú ẹlòmíràn. Síbẹ̀, nígbà tí orin náà gbòde kan, tí ẹ bá bèèrè ẹni tó kọ ọ́, àìmọye ènìyàn ni yóò sọ fún yín pé Nkem Owoh ni, ọkùnrin tí gbogbo wa mọ̀ sí Osuofia. Kì í ṣe òun. Stanley Okorie ló kọ ọ́, fún fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Return of the Billionaire, ní ọdún 2013. "Billionaire" gan-an ni orúkọ orin náà. Ọkùnrin yìí ti kọrin sí fíìmù tó pọ̀ lọ jàra ní Nollywood. Ohùn rẹ̀ ti wọ ilé wa tipẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó wọlé.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí orin inú fíìmù Yorùbá, àmọ́ tiwọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò tíì rí ẹni tó bèèrè orúkọ olórin wọn rárá.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ketu, Alápẹ́rẹ̀, Ikosi tàbí Mile 12 láyé ìgbà tí fíìmù wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó sì tún bọ́ sí ayé àwo VCD, yóò rántí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n ti ń yá fíìmù wò. Fíìmù tí a ń yá níbẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é tán. Olóòtú yóò ya àwòrán láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò sì gbé ìtàn náà tọ olórin lọ. Nígbà mìíràn olórin kò ní rí àwòrán kankan. Ẹnu ni wọn yóò fi ròyìn fíìmù náà fún un nínú sítúdíò. Kíbọ́ọ̀dù kan, gángan kan, obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa gbè é, orin ti délẹ̀. Ìdí nìyí tí orin fíìmù Yorùbá fi máa ń sọ ìtàn kí ìtàn náà tó ṣẹlẹ̀. Ìyá ọkọ kò tíì bu májèlé sínú ọbẹ̀, olórin ti kìlọ̀ fún gbogbo wa, ìyàwó nìkan ni kò gbọ́.

Tí fíìmù bá ti parí, orin náà parí nìyẹn. Kò ní kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, rédíò kì í lù ú, kò sì sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Kí Tope Alabi tó di ẹni tí wọ́n ń kọ orin rẹ̀ káàkiri ìjọ, inú irú iṣẹ́ yìí ló wà. Ó ti bá ẹgbẹ́ òṣèré Jesters International ṣe eré, ó tún bá ẹgbẹ́ Alárìnjó ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ló ń kọrin sínú fíìmù. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé fíìmù tí ó kọrin sí lé ní 350. Àwo orin tirẹ̀ àkọ́kọ́, Ore Ti O Common, kò jáde títí di 2001. Ẹ wò ó: gbajúmọ̀ ni, ó wà láàyè, orin rẹ̀ sì ń dún lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá ní òun fẹ́ to orin inú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn jọ lónìí, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ló gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Mélòó wá ni ti obìnrin tó kọrin sí fíìmù mẹ́ta péré, tí ó sì padà sí ìdí iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀?

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé kí la wá ń ṣe pẹ̀lú fóònù. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wà fún un. Shazam bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 2002. Nígbà náà, nọ́ńbà 2580 ni ènìyàn ń pè, yóò gbé fóònù sún mọ́ ibi tí orin ti ń dún, wọn yóò sì fi orúkọ orin ránṣẹ́ sí i. Apple ti rà á láti 2018. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń ṣa àwọn ibi tí ohùn ti le jù nínú orin, á sọ wọ́n di àmì, gẹ́gẹ́ bí àmì ìka ọwọ́, á wá fi wé àmì àwọn orin tó ti kó jọ tẹ́lẹ̀. Ọlọ́pàá pàápàá kò lè fi àmì ìka mú ẹni tí kò sí nínú ìwé wọn. Google náà gbé ọgbọ́n mìíràn jáde ní 2020, tí ènìyàn lè kùn orin tàbí kí ó súfèé rẹ̀ sí fóònù, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ orin tí ẹnìkan ti fi orúkọ sílẹ̀ fún. Orin tí wọ́n kọ ní òru ọjọ́ kan ní 1998 fún fíìmù kan ṣoṣo kò sí ní ọ̀kankan nínú àwọn àkójọ yìí. Ká tilẹ̀ ní ó wà níbẹ̀, ibi tí orin bá ti ń dùn jù ni òṣèré máa ń yàn láti bú sẹ́kún lé e lórí.

Ìwákiri irú èyí tó lókìkí jù lágbàáyé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ẹnìkan gbé ìṣẹ́jú-àáyá 17 nínú orin Gẹ̀ẹ́sì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí àwọn ènìyàn bá òun wá orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá a fún ọdún méjì ààbọ̀. Ẹ̀rọ kò rí i, àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ ń sọ pé ayédèrú ni. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, àṣírí tú: "Ulterior Motives" ni orin náà ń jẹ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Christopher Saint Booth àti Philip Adrian Booth, ló kọ ọ́, inú fíìmù 1986 kan ló sì wà, irú fíìmù tí ènìyàn kì í wò níwájú òbí rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó tẹ̀ lé orúkọ àwọn olórin tó ń ṣiṣẹ́ fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì ló rí i. Nítorí náà, orúkọ tí ẹnìkan ti kọ sílẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn.

Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ta ọ̀pẹ̀òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ní ọjà èso Ikosi. Tòmátì àti ata ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Mile 12 kí ó tó kú. Bí ìyá yìí bá ń ṣa tòmátì tó ti rọ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, orin fíìmù kan ló máa ń kọ, orin kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí àbúrò ọkùnrin yìí fẹ́ wọlé ọkọ, ó ní kí òun wá orin náà kí wọ́n lè lù ú nígbà tí wọ́n bá ń mú ìyàwó wọlé. Ó mọ lílé rẹ̀, ó mọ ègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ fíìmù náà. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ọmọ létí odò. Fóònù rẹ̀ fún un ní orin ìjọ kan tí kò jọ ọ́ rárá. Nígbà tó kùn ún, ó fún un ní mẹ́ta mìíràn.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù rí ní Ketu ló ràn án lọ́wọ́. Ọṣẹ àti bisikíìtì ló ń tà báyìí. Ọkùnrin náà lọ bá a, ó sì ń múra láti kọrin.

"Má tíì kọ ọ́," ni Màmá wí. "Ta ló ṣe ìyá ọmọ yẹn?"

"Mi ò mọ orúkọ wọn, Màmá. Wọ́n ní ilà lójú."

"Iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe nínú eré náà?"

"Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn."

"Ṣé ó kú àbí ó sá lọ?"

"Ó sá lọ, mà."

"Ó ku méjì nìyẹn," ni ìyá náà wí, ó sì dárúkọ fíìmù méjì.

Àkọ́kọ́ kọ́ ni. Èkejì ni. Ó wà lórí YouTube, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì ti gé ìparí rẹ̀ dànù, níbi tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ti ń gòkè. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, mo sì gbà pé ìwà ìkà ni. Orúkọ wọ̀nyẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ náà ní láyé. Ohun tí wọn kò rántí gé ni ìpolówó máákẹ́tà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, pẹ̀lú àdírẹ́sì kan ní Ìdúmọ̀tà. Ọkùnrin wa wọ bọ́ọ̀sù BRT láti Mile 12 dé CMS, ó sì rìn wọ Ìdúmọ̀tà. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Màmá onífíìmù ló tún là á lọ́yẹ̀: fíìmù náà ní apá kìíní àti apá kejì, apá kejì ni kí ó máa wá. Ilé mẹ́rin ni wọ́n ti tú àpótí àwo àtijọ́ kí wọ́n tó rí i, tó ti há kọjá ààlà. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún, ó ṣiṣẹ́. Orúkọ obìnrin kan gòkè níwájú ọ̀rọ̀ náà, "Orin".

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò ní irú Màmá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Òfin 85 ti ọdún 1993 ló dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà sílẹ̀, fíìmù tó bá sì gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá lè ní àkọsílẹ̀ ọdún àti orúkọ olóòtú. Olóòtú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe òṣèré. Òun ló sanwó fún olórin. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tó ti dún nínú fíìmù. Kí ẹ tún fi í sọ́kàn pé orin náà lè dàgbà ju fíìmù lọ. Hubert Ogunde fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin eré rẹ̀, orí ìtàgé ló sì ti ń kọ ọ́ tipẹ́ kí Ola Balogun tó bá a darí fíìmù Aiyé ní 1979.

Fíìmù mìíràn tí Ola Balogun ṣe, Black Goddess ti 1978, dá lórí ọmọ Nàìjíríà kan tó lọ sí Brazil láti wá ẹbí rẹ̀ tí òwò ẹrú tú ká. Remi Kabaka ló ṣe orin inú rẹ̀. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ Soundway ní Ìlú Ọba tún orin náà tẹ̀ jáde, ó sì dé etí àwọn tí kò tíì fojú kan fíìmù náà rí. Orúkọ olórin ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Nǹkan ti ń yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin inú Aníkúlápó tàbí Jagun Jagun kò ní láti tú àpótí ẹnikẹ́ni kí ó tó rí orúkọ Anu Afolayan tàbí Tolu Obanro. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 sì fún ẹni tó dá iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn dá sílẹ̀ yóò wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ pé ìyá òun kọrin sí fíìmù rí, kí ni yóò fi òfin yẹn ṣe? Àwọn tó kọrin ní 1995 ti ń dàgbà, àwọn máákẹ́tà ń kú, àwo VCD sì ń bàjẹ́ nínú ooru Èkó. Ìwákiri tó gba oṣù kan lónìí lè má ṣeé ṣe mọ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Ẹnìkan tó mọ ẹnìkan ló bá ọkùnrin eléso náà rí nọ́ńbà obìnrin olórin yẹn. N kò dárúkọ rẹ̀ tàbí fíìmù náà níhìn-ín nítorí pé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ariwo. Obìnrin náà ti di ìyá àgbà. Ó ní òun rántí ọjọ́ tí àwọn kọ orin náà, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì san owó fún òun. Òun kò ní in lọ́wọ́. Ó kọ ẹsẹ kìíní lórí fóònù, ó sì dúró. Ó ti gbàgbé èkejì.

"Ẹ dákun, Màmá, ṣé kí n gbé e?" ni ọkùnrin náà bi í.

Ó kọ ọ́ fún un bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́ nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ kan kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun kọ ọ́, ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀ dára ju ti òun lọ, kí ó má yí i padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, orin náà látòkèdélẹ̀, láìsí ìlù, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó nínú rẹ̀.