Oògùn Tó Ń Dín Ìsanra Kù: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Máa Rà Á Láìrí Dókítà?

Kò pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn tí “ẹ ti sanra o” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn láàárín Yorùbá. Lónìí, lẹ́pa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ jẹ́. Nílùú Abuja, bí i ti àwọn ìlú ńlá mìíràn, kò ṣòro láti rí oògùn tí wọ́n ní ó ń dín ìsanra kù, yálà ní ilé ìtajà oògùn, lórí àtẹ tàbí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kò nílò ìwé dókítà. Ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ni pé, kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Ẹyọ kan ni àwọn àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fọwọ́ sí pé kí àgbàlagbà máa rà fún iṣẹ́ yìí láìgba ìwé dókítà. Orlistat ni orúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwọ̀n míligíráàmù 60 rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2007, Yúróòpù sì tẹ̀lé e ní ọdún 2009. Orlistat kì í pa ebi, kì í sì í jó ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Inú ìfun ló ti ń ṣiṣẹ́: ó máa ń dí èròjà tó ń mú kí ọ̀rá inú oúnjẹ dà lọ́wọ́, tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀rá tí ènìyàn jẹ yóò fi bá ìgbẹ́ jáde.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tó ń jẹun nílẹ̀ yìí. Ọ̀rá nìkan ni orlistat ń bá jà. Kò kan ẹ̀bà, iyán, àmàlà, búrẹ́dì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó ń jẹ òkèlè ńlá ní alaalẹ́ kàn ń gbé e mì lásán ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ ni ó jẹ, ọ̀rá tí kò wọ ara yóò wá ọ̀nà àbáyọ: epo lè jò sára aṣọ, ìgbẹ́ sì lè gbé e lójijì láàárín àwùjọ. Ó ṣeé ṣe kí ìtìjú yìí gan-an jẹ́ apá kan iṣẹ́ oògùn náà, nítorí ó ń kọ́ni láti máa bu epo díẹ̀.

Èrè rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ bá fi ìṣọ́ra mú kílò 2 kúrò lára, oògùn náà lè bá a mú kílò 1 mìíràn kúrò. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó. Ó sì lè da iṣẹ́ oògùn mìíràn rú, pàápàá oògùn HIV, ti wárápá àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ní ti tíì tí wọ́n ń mu láti dín ìsanra kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ewé sẹ́nà, tó jẹ́ ẹbí ewé asùnwọ̀n tí àwọn àgbà fi ń wo inú kíkún. Omi àti ìgbẹ́ ló ń gbé jáde, kì í ṣe ọ̀rá.

Èyí tó léwu jù lọ ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ pé ewé àti egbò nìkan ló wà nínú rẹ̀. Léraléra ni àwọn aláyẹ̀wò oògùn ní onírúurú orílẹ̀-èdè ti bá sibutramine nínú irú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára páálí. Oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn ni sibutramine tẹ́lẹ̀. Ó ń mú kí ènìyàn tètè yó, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí ọkàn sì máa sáré. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn bí 9,800 tó ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ìdá 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ni àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù tàbí tó pa. Ìdá 10 ni ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Yúróòpù dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Dókítà ló ń ṣọ́ àwọn tó wà nínú ìwádìí yẹn. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó gbé e mì láìmọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ̀, nítorí kì í sábà dunni.

Nọ́ńbà NAFDAC nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Àjọ náà, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja, ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ pé òun kò tíì ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe. Ó dára kí olùrà wá gbólóhùn yìí lára páálí kí ó tó sanwó. Èyí tí kò ní nọ́ńbà rárá kò yẹ ní rírà.

Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí òkìkí rẹ̀ ń kàn báyìí, lágbára ju orlistat lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kìlọ̀ pé wọ́n ti rí ayédèrú rẹ̀ ní Brazil, Britain àti Amẹ́ríkà.

Kí ènìyàn tó ra èyíkéyìí nínú wọn, kí ó kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá rẹ̀. Iṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí àyà bá ń já lẹ́yìn tí ó lo oògùn, tí ọkàn ń sáré tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi, kí ó dá a dúró, kí ó sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó mú páálí oògùn náà dání, àti hóró tó bá kù, nítorí inú rẹ̀ ni dókítà yóò ti mọ ohun tí ó ń bá jà.