Cron, Ìránṣẹ́ Inú Linux

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, cron ni orúkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí a bá ti rán an gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ, kò ní bù kún un, kò sì ní yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó ti wà nínú Unix láti àwọn ọdún 1970, kí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991.

Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni cron ń jí, tí yóò yẹ ìwé crontab wò bóyá àkókò iṣẹ́ kan tó. Bí kò bá sí, á tún padà sùn. Àyè márùn-ún ni ìlà kọ̀ọ̀kan ní ṣáájú iṣẹ́ náà: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ìràwọ̀ sì dúró fún èyíkéyìí. Bí akọ̀wé oníkòkó kan ní Òfòsù, ní ilẹ̀ Ìdànrè olókè, lójú ọ̀nà Orè sí Benin, bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n kòkó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, 0 21 * * 1-5 ni yóò kọ.

Ọjà ọrún-ọrún ni ó ń dán ọgbọ́n cron wò. Nítorí pé àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọrún lójú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá wá kọ */4 sí àyè kẹta, pé kí ìwé gbèsè àwọn àgbẹ̀ máa jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, yóò rí i pé ọjọ́ 1, 5, 9 títí dé 29 ni yóò jáde, tí oṣù bá sì ti lé, ọjọ́ 1 ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó wà láàrin. Ọjà ti yẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó tọ́ ni kí cron máa pe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ka iye ọjọ́ tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, níbi tí Linux ti ń ka àkókò, kí ó fi 4 pín in, kí ó sì wo ìyókù: bí ó bá ṣe déédéé ti ọjọ́ ọjà, kí ó ṣiṣẹ́, bí kò bá ṣe déédéé, kí ó dákẹ́. Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la, ètò náà kò ní yẹ̀.

Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà sì kú ní aago mẹ́sàn-án, cron kò ní san gbèsè alẹ́ ọjọ́ náà. Ìránṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ anacron ni ó ń san án, nítorí ó ń kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wáyé kẹ́yìn sílẹ̀, tí ẹ̀rọ bá sì tún tàn, á ṣe èyí tí ó ti kọjá àkókò. Ọjọ́ nìkan ni ó ń kà, kò ka wákàtí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ fi anacron ṣe ìwé tí kò gbọdọ̀ sọnù, ẹ jẹ́ kí cron mú ìyókù, kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀dà náà wò fúnra yín.