Oògùn Ọpọlọ, Oyún àti Ọmú: Kí Ló Ń Dé Ara Ọmọ?

Bí nǹkan oṣù obìnrin tó ń lo oògùn ọpọlọ bá ti dáwọ́ dúró, ìmọ̀ràn kì í pẹ́ dé. Ìyá ọkọ á ní kó pa oògùn náà tì. Aládùúgbò á sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀sì ní àǹtìnétà gan-an á ní kó sinmi oògùn títí yóò fi bímọ. Ire ni gbogbo wọn ń rò. Síbẹ̀, dídá oògùn dúró lójijì lè wu ìyá àti ọmọ léwu ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí lọ.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà oògùn náà. Ohun tí ìyá bá gbé mì á gba ìfun dé ẹ̀dọ̀, láti ibẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í dàpọ̀. Ibi ọmọ ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá lè wọ ọpọlọ ìyá lè gba ara ibi kọjá pẹ̀lú. Nítorí náà, òótọ́ ni pé oògùn ń dé ara ọmọ. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: oògùn wo ni, oyún ti pé oṣù mélòó, báwo sì ni oògùn náà ṣe pọ̀ tó?

Àsìkò ṣe pàtàkì púpọ̀. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ohun tí yóò di ọpọlọ àti ògóòró ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà náà. Ẹni tó bá wá da oògùn nù lóṣù kẹta ti pẹ́ jù láti dènà àbùkù ọpọlọ tàbí ti ògóòró ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ jù fún àìsàn rẹ̀ láti padà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kó wáyé lọ́dọ̀ dókítà kí oyún tó dé rárá.

Oògùn kan wà tí ìkìlọ̀ tirẹ̀ le gan-an: valproate, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Epilim. Àwọn tó ní wárápá ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí àìsàn wọn ń gbé wọn sókè lónìí tó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́la, èyí tí dókítà ń pè ní bipolar. Nínú ọmọ 100 tí a bí láyé, yálà ìyá wọn lo oògùn tàbí kò lò, 2 tàbí 3 ló máa ń ní àbùkù ara tó lágbára. Bí ìyá bá lo valproate nígbà oyún, ó ń tó 10 nínú 100. Yàtọ̀ sí èyí, 30 sí 40 nínú 100 lè pẹ́ kí wọ́n tó rìn, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, tàbí kí ìwé kíkà nira fún wọn. Fólíìkì ásíìdì tí wọ́n ń pín ní àǹtìnétà kò lè mú ewu yìí kúrò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 55 àyàfi bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ dókítà méjì bá fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, kò yẹ kí a kọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọbìnrin kankan láìbá a sọ̀rọ̀ oyún. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, torí gìrì lè tẹ̀ lé e. Kó yára rí dókítà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Lithium, tí àwọn tó ní bipolar náà ń lò, yàtọ̀. Ó lè ṣàkóbá fún ọkàn ọmọ bí ìyá bá lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé ewu náà kéré sí bí a ṣe rò tẹ́lẹ̀: nǹkan bí ọmọ kan péré ló lé nínú 100, bí ìwọ̀n oògùn bá sì ṣe pọ̀ tó ni ewu ń pọ̀ sí i. Inú kíndìnrín ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà oyún, kíndìnrín ìyá ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń tètè fọ lithium jáde, ìwọ̀n tó ń tó o tẹ́lẹ̀ kò ní tó mọ́. Lẹ́yìn ìbímọ, kíndìnrín á padà sí bó ṣe wà. Bí kò bá sí ẹni tó dín oògùn kù, ó lè di májèlé. Èébì tó pọ̀ náà lè mú kó ga lára. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣooṣù, tó sì ń di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 36. Níbi tí kò bá sí láàbù tó lè ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn orí dídàrú bíi haloperidol àti chlorpromazine ti pẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọn kò sì rí i pé wọ́n ń dá àbùkù ńlá sílẹ̀. Olanzapine, tó jẹ́ irú wọn, lè mú kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ìyá ga, nítorí náà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyá bá lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi sertraline títí dé oṣù ìkẹyìn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ọmọ lè máa gbọ̀n díẹ̀ tàbí kí wọ́n máa sunkún ju bó ti yẹ lọ. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kàn sọ fún agbẹ̀bí ṣáájú, kí ó má bàa bá a lójijì.

Ẹ má rò pé àgbo kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn adáhunṣe fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ń gba ara ibi kọjá, ó lè dí ọmọ nímú, ó sì lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Oògùn ni òun náà, kò sì sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìkòkò.

Kí ni àìsàn fúnra rẹ̀ ń ṣe? Ní 2006, ìwé ìṣègùn JAMA ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 201 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá jà rí. Nínú àwọn tó dá oògùn dúró, 68 nínú 100 ni àìsàn padà bá nígbà oyún. Nínú àwọn tó ń lò ó lọ, 26 ni. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò le lè fi ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ọpọlọ gbé e. Ti ẹni tó ní bipolar kò rí bẹ́ẹ̀. Àbísínwín ń mú obìnrin 1 tàbí 2 nínú 1,000 tó bímọ, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Nínú àwọn tó ní bipolar, ó ń tó ẹni 1 nínú 5. Bí ìyá ìkókó kò bá lè sùn nígbà tí ọmọ ń sùn, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tàbí tó ń ní wọ́n fẹ́ pa ọmọ òun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ lè máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ti ọmú ni ìpayà tiwa ti pọ̀ jù. Oògùn tó ń gba inú wàrà kọjá kéré gan-an sí èyí tó ń gba ibi. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ohun tí ọmọ ń rí wé ìwọ̀n tí ìyá ń lò, gẹ́gẹ́ bí ara kálukú ṣe wúwo tó. Bí kò bá tó 10 nínú 100, wọ́n sábà máa ń gbà á láyè. Ti sertraline kì í sábà kọjá 3. Kò bọ́gbọ́n mu kí ìyá tó ti lò ó fún oṣù mẹ́sàn-án dá a dúró nítorí ọmú. Lithium àti clozapine, tí òun náà jẹ́ oògùn orí dídàrú, ló sábà máa ń jẹ́ kí dókítà ní kí ìyá má fọ́mọ lọ́mú. Bí ó bá ń lo diazepam, oògùn tó ń mú oorun wá, léraléra, ọmọ lè máa sùn jù kó má mu ọmú dáadáa. Ẹ máa wo bó ṣe ń mu ọmú àti bó ṣe ń wúwo sí i. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nílò ìṣọ́ra jù.

Ìyá tí oògùn rẹ̀ ń mú oorun wá kò gbọdọ̀ gbé ọmọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Àìsùn sì wà lára ohun tó ń tètè fa àìsàn padà. Nítorí náà, kí ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ bá a gba òru díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí bàbá ọmọ náà gba ti ọjọ́ kejì, kí abiyamọ lè sùn dáadáa.