Nígbà Tí Àwo Ìsọ Yìgì Bá Bá Ẹrù Háyà Lọ

Ẹ̀yin ìyá wa, bí a bá háyà àga àti kúlà fún ìnáwó ní Bódìjà tàbí ní Challenge, ọwọ́ ni a fi ń dá wọn padà. Bí ìborùn wa bá bá wọn lọ, a mọ ilé ẹni tí ó ni ẹrù. A ó tọ̀ ọ́ lọ kí ọjọ́ tó kanrí.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1998 títí di 29 Sẹ́ńtẹ́ńbà 2023, ilé-iṣẹ́ Netflix a máa fi àwo fíìmù háyà ránṣẹ́ nínú àpò lẹ́tà. Ẹni tí ó bá wò ó tán yóò ya etí àpò tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kúrò, yóò sì fi àpò kan náà dá àwo padà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí àwo kan jọ èkejì. Ẹlòmíràn yóò ti àwo tirẹ̀ bọ àpò, tí fíìmù àwọn oníháyà ṣì wà nínú ẹ̀rọ nílé! Bí ó bá jẹ́ fíìmù ọjà, a lè ra òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìsọ yìgì ọmọ ńkọ́, níbi tí ìyá àgbà tí ó ti kú ti ń ṣe àdúà?

Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sára irú àwo bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ẹ wo inú àpò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa. Bí ó bá ti lọ, ẹ má dúró di ọ̀la: ẹ pe àwọn oníháyà, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́ àti ohun tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì dá tiwọn padà.