Igbó Kì í Dìbò

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ibùdó ìdìbò méje péré ni ojú gbogbo wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nínú ìbò gómìnà tí wọ́n dì ní ọjọ́ 22, Adémọ́lá Adélékè fi ìbò 353 ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá. INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, ní àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó méje tí wọ́n wọ́gi lé ìbò wọn pọ̀ ju ìyẹn lọ, kí wọ́n tún un dì. Mẹ́ta wà ní Òròlú, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, ọ̀kan ní Òṣogbo. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ní ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n dì í tán, Oyètọ́lá ló fi 482 wọlé.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni máàpù orí ìkànnì ìròyìn wúlò fún: ará Iléṣà á fi ìka tẹ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù á ṣí, ibùdó á yọjú pẹ̀lú iye ìbò rẹ̀. Àṣà náà kò ṣàjèjì ní Áfíríkà. Nígbà tí ìdìbò dá ìjà sílẹ̀ ní Kenya, wọ́n dá Ushahidi sílẹ̀ ní 2008. Ará ìlú ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ń fi àmì sí ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ lórí máàpù. “Ẹ̀rí” ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Swahili.

Àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun máàpù ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Òṣogbo kò fẹ̀, àmọ́ ilé fún mọ́lé níbẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Atákúmọ́sà fẹ̀ lọ salalu, igbó àti oko ló pọ̀ jù. Kun méjèèjì, igbó ni yóò gba ojú òǹkàwé, bí ẹni pé igi ń dìbò. Èmi fara mọ́ àwọn tó ń fi òbìrípo sórí ibi kọ̀ọ̀kan, kó tóbi tó bí ìbò ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ní 2022, Ọ̀ṣun ní ibùdó 3,763, INEC sì ń gbé àwòrán ìwé èsì wọn sórí IReV, ìkànnì èsì ìbò rẹ̀. Èsì wà nílẹ̀; ibi tí ibùdó wà gan-an ló kù. Iwájú ilé Lágbájá, abẹ́ igi ọdán: Google kò mọ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Akọ̀ròyìn tó bá fi ojú inú gún àmì láti ọ́fíìsì lè gún un sínú odò. Ọ̀kadà ló yẹ kó gùn, kó gbé fóònù dúró níbẹ̀, kó sì kọ́kọ́ bi ìyá ẹlẹ́kọ léèrè bóyá Lágbájá kò tíì kó lọ.