Ibà Kì í Béèrè Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe ní Cocody, ẹ bi í nípa CMU, ètò ìdójútòfò ìlera tí ìjọba Côte d'Ivoire ṣe fún gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Ààrẹ Alassane Ouattara á ní iṣẹ́ ribiribi ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn Laurent Gbagbo á ní ọ̀gá òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n kàn yí orúkọ padà ni.

Àwọn méjèèjì rí nǹkan dì mú. Lọ́dún 2001, nígbà ìjọba Gbagbo, wọ́n ṣòfin AMU, tó jọ CMU gan-an. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ètò náà sì dúró. Lọ́dún 2011, Ouattara kéde ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Owó àti oògùn kò tó, ni wọ́n bá dín in kù lọ́dún 2012. Òfin CMU jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019.

Amẹ́ríkà náà rí irú rẹ̀. Mitt Romney, gómìnà Republican, ṣe ètò bẹ́ẹ̀ ní Massachusetts lọ́dún 2006. Nígbà tí Obama gbé èyí tó jọ ọ́ wá, kò sí Republican kankan tó dìbò fún un nílé aṣojú-ṣòfin ní oṣù Kẹta ọdún 2010.

Ewu rẹ̀ fún ìdílé ni pé alátìlẹ́yìn ìjọba kì í fẹ́ sọ pé oògùn kò sí ní fámasí, alátakò kì í sì í fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Aláìsàn ló ń jìyà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san 1,000 fáráǹkì Séfà lóṣù. Ètò mìíràn wà fún aláìní tí kò lè san. Nínú owó ìtọ́jú tó wà lábẹ́ ètò náà, CMU ń san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, aláìsàn ń san 30. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà á san 6,000 lóṣù.

Ẹ̀yin ará wa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní Abidjan, ọ̀pọ̀ yín kì í dìbò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kàn yín. Kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín: ṣé wọ́n ń gba káàdì náà? Oògùn wo ló wà nílẹ̀? Èyí tí kò bá sí, ẹ sọ ọ́ síta, ẹgbẹ́ yòówù kó wà lórí oyè.