Ìpàdé Ìjọ, Ìpàdé Ìlú: Fìdítì àti Ìlọrà

Ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, síbẹ̀ Ilora Baptist Grammar School, ní Ìlọrà nítòsí Fìdítì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò yọ orúkọ ìjọ kúrò lára rẹ̀. Kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955 àti lẹ́yìn rẹ̀, ìjọ ló máa ń pèsè olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí ìlú ń yọ ilẹ̀, tí ó ń dá owó, tí ó sì ń ṣe ọ̀wẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àpapọ̀ tí a kì í gba owó lé lórí. Ẹni tó ní ìjọ ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò purọ́. Ẹni tó ní ìlú ni, òun náà kò ṣìnà.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi (Baptist), tí wọ́n dá àpapọ̀ ìjọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1914, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń darí ara rẹ̀: ọmọ ìjọ ń dìbò, akọ̀wé ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, akápò ń ka iye tó wọlé àti iye tó jáde, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn a dìde béèrè. Obìnrin tó ń ta ọsàn ní ẹ̀bá títì Fìdítì lè jẹ́ akápò ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ rẹ̀, kí ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ alájọ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú.

Àkókò ìkéde nínú ìsìn ni àjọṣe ìjọ àti ìlú yìí ti ń hàn. Lẹ́yìn orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ni a máa ń gbọ́ ọjọ́ ìpàdé ìlú, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé àti ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò. Mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jímọ̀. Akéde ọba tó ń lu agogo kiri àdúgbò ti rí arọ́pò nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kan náà ni olóṣèlú máa ń wá lò nígbà ìkórè, pẹ̀lú àpòòwé owó lọ́wọ́, ìjọ púpọ̀ sì máa ń pàtẹ́wọ́ láì béèrè ìbéèrè kan. Bí akápò bá lè ka owó ìdámẹ́wàá sétí ọmọ ìjọ, kí ó ka owó olóṣèlú náà, kí ó sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.